Ọjọ́ Méjì ní Àgbádárìgì

Ọ̀sán kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fi bẹ Àgbádárìgì wò. Ọkọ̀ yóò kúrò ní Àgọ́-Ìwòyè ní ìdájí, yóò há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá sì fi sọ̀kalẹ̀ létí ọ̀sà, ebi ti ń pa wọ́n, awakọ̀ sì ti ń wo aago. Wọn yóò ya fọ́tò níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọn yóò fọwọ́ kan ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ó parí. Irú wọn ná owó ọkọ̀ ni. Wọn kò rí ìlú.

Ó sàn kí olùkọ́ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀, kí wọ́n sì sùn níbẹ̀ mọ́jú. Ọ̀nà kan gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù wọ Èkó, ó sì gba Mile 2 kọjá. Èkejì gba Abẹ́òkúta àti Sango-Ọ̀tà jáde sí Agbára, láìwọ àárín Èkó rárá. Ẹnu awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀ ni kí wọ́n ti gbọ́ èyí tó dára. Máàpù kì í fi kòtò hàn.

Ẹ̀bá ọ̀sà ni kí iṣẹ́ ọjọ́ kìíní ti bẹ̀rẹ̀, níbi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. kọ́ parí ní 1845. Ọdún yẹn gan-an ni Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther dé sí ìlú náà, tí wọ́n ń retí kí ọ̀nà Abẹ́òkúta là. 1846 ni ó tó là fún wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè má ṣe kánjú kúrò níbẹ̀. Ìwé àkójọ-ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe ti jáde ní 1843, ṣùgbọ́n odindi Bíbélì Yorùbá kò jáde títí di 1884. Ohun tí ó sì yẹ fún àròjinlẹ̀ ni pé Ègùn ni èdè àwọn onílẹ̀ tó gbà wọ́n lálejò. Ibi tí igi Agíà wà, èyí tí wọ́n wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, kò jìnnà. Igi náà ti wó láti 1959, òkúta ìrántí ló kù.

Ilé Seriki Williams Abass ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú. Nígbà tó dàgbà, ó di oníṣòwò ẹrú. Ìdílé Mobee pẹ̀lú ṣì tọ́jú àwọn ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ayé ìgbà náà. Dájúdájú, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò béèrè pé, ta ló tà wọ́n? Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni onílé, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ béèrè. Ọmọ Ìjẹ̀bú kò sì gbọdọ̀ ka ara rẹ̀ sí òǹwòran lásán. Ojú omi Ìjẹ̀bú wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú dé etíkun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fù. Awakọ̀ ojú omi tí kò bá ní ẹ̀wù agbéniléfòó fún olúkúlùkù, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi rin iyanrìn dé etí òkun, níbi tí àwọn tí a kó lẹ́rú ti kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ẹni tó ń mú àlejò kiri yóò sọ ìtàn kànga tó ń mú ènìyàn gbàgbé ilé. Yóò sọ pẹ̀lú pé 1502 ni wọ́n dá ọjà ẹrú Vlekete sílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí wọ́n sì fi wé ohun tí àwọn òpìtàn rí nínú àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò Yúróòpù, pé ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìlú náà di ọjà ẹrú pàtàkì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kò di irọ́ nítorí èyí. Ọdún ni kò fi bẹ́ẹ̀ kà.

Ẹni tó ń wá àwókù àtijọ́ gan-an, nítòsí ilé ni tirẹ̀ wà. Bí wọ́n bá gba Ṣágámù padà, kí wọ́n yà sí Òkè-Ẹ̀rí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n wo Erédò Ṣùngbọ́. Yàrà àti odi náà gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó sì ga tó 20 mítà níbòmíràn. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, nítorí igbó ti bo ibẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀ lásìkò òjò.