Ooru ń pa bátìrì ju iṣẹ́ lọ: Ẹ̀yin oníṣòwò Ìpàta, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ páànù

Kò sí oníṣòwò kan ní ọjà Ìpàta, n'Ílọrin, tó máa gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò sínú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó sì máa retí pé òun á rí owó gidi lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn alápatà náà mọ̀ pé ẹran tí kò bá tètè rí ibi tútù, àdánù ni. Ṣùgbọ́n bátìrì sólà tí ẹlòmíì fi owó ńlá rà, orí pẹpẹ lókè ló máa ń gbé e sí, lábẹ́ páànù tó ń gbóná bí ààrò. Tó bá wá di ọdún kejì, tí bátìrì náà kò gbé fírísà mọ́, ohun tí olúwa rẹ̀ máa sọ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru náà lè ṣe iṣẹ́ yẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ọ̀rọ̀ bátìrì kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó nìkan mọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, látìgbà náà ni owó tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC tún fọwọ́ sí i pé kí owó iná àwọn oníbàárà Band A kúrò ní nǹkan bíi N68, kó di N225 fún yúníìtì kan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi yà sídìí sólà àti ìnfátà, tí àwọn mìíràn sì ti ń bèèrè ọ̀kadà tàbí mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná. Bátìrì sì ni ọkàn gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Páànẹ́lì sólà lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì ló máa ń tètè kú, òun náà ló sì máa ń dun àpò jù láti pààrọ̀.

KÍ NI OORU Ń ṢE FÚN BÁTÌRÌ?

Nínú bátìrì, àwọn èròjà kan ló ń ṣiṣẹ́ lórí ara wọn kí iná tó jáde. Ooru máa ń mú kí iṣẹ́ yìí yára. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ire ni, nítorí pé bátìrì olómi tó móoru díẹ̀ máa ń dà bíi pé ó lágbára ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀tàn ni. Bí iṣẹ́ rere ṣe ń yára náà ni ìbàjẹ́ ń yára: omi inú rẹ̀ ń gbẹ, irin inú rẹ̀ ń jẹrà. Ní ti bátìrì lítíọ́mù, èyí tó wà nínú fóònù wa àti nínú mọ́tò oníná, èèpo tín-ín-rín kan máa ń hù nínú rẹ̀, èèpo náà á máa nípọn sí i, á sì máa gbé lára agbára bátìrì mì. Ooru ló ń bu ajílẹ̀ sí i, pàápàá bí bátìrì bá kún dẹ́múdẹ́mú nígbà tó ń gbóná.

Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ bátìrì olómi ń lò nìyí: ìwọ̀n 25°C ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí i lára. Bí ooru bá fi nǹkan bíi 10°C kọjá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ìdajì ọjọ́ orí náà ló máa kù. Nílé wa níbí, láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán sábà máa ń lé ní 35°C níta. Abẹ́ páànù tí kò ní síléènì ńkọ́? Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fi owó wò ó. Ká ní N400,000 lẹ ra bátìrì kan. Bó bá lo ọdún márùn-ún, N80,000 ló ná yín lọ́dún kan. Bí ooru bá pa á ní ọdún méjì àbọ̀, ó ti di N160,000 lọ́dún. Ẹ kò ta ọjà kankan fún N80,000 tó lé lórí yẹn, oòrùn ló kó o lọ.

ẸKỌ́ LÁTI ARIZONA

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìparí ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Nissan gbé mọ́tò oníná kan tí wọ́n pè ní Leaf sórí igbá. Nígbà tó fi máa di ọdún 2012, àwọn tó rà á ní ìpínlẹ̀ Arizona, l'Amẹ́ríkà, níbi tí ooru ti máa ń lé ní 40°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti ń pariwo pé mọ́tò àwọn kò lè rin ọ̀nà tó ń rìn tẹ́lẹ̀ mọ́. Mọ́tò náà kò ní ẹ̀rọ tó ń fi omi tu bátìrì lára, bíi tàwọn mọ́tò oníná mìíràn. Ní ọdún 2013, Nissan ní láti fi gàràntí tuntun lé e: bí agbára bátìrì bá já sílẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ kó tó pé ọdún márùn-ún tàbí máìlì 60,000, àwọn máa tún un ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n yí èròjà inú bátìrì náà padà kó lè fara da ooru.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú mọ́tò yìí ní tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Lára Leaf, ilà kéékèèké méjìlá ló wà níwájú awakọ̀ tó ń sọ iye agbára tó kù nínú bátìrì. Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó sanwó. Kíkùn nìkan kò tó, nítorí pé ife kékeré náà máa ń kún.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Èkínní, ẹ gbé bátìrì wálẹ̀. Òkè ni ooru máa ń gbà lọ, torí náà ìsàlẹ̀ ló tutù jù. Ẹ gbé e lé pákó, kí omi òjò má bàa kàn án, kí ó sì jìnnà sí ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn.

Èkejì, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́. Ẹ má há a mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má to ẹrù lé e, ẹ sì jẹ́ kí àlàfo wà láàárín bátìrì kan sí èkejì. Bátìrì olómi tún máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tó ń gbaná jáde bó bá ń gba iná, nítorí náà ẹ má ṣe dáná nítòsí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọ fún ẹni tó bá yín to sólà pé kó fi wáyà tó ń wo ooru sára bátìrì olómi, bí ẹ̀rọ yín bá láyè fún un. Bí ooru bá ti kúrò ní 25°C, tó di 35°C, iná tí wọ́n ń fi sínú bátìrì 12V yẹ kó fi nǹkan bíi 0.2V dín kù. Bí kò bá dín, ṣe ni bátìrì á máa hó, tí omi rẹ̀ á sì máa gbẹ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yẹ omi bátìrì olómi tó ní ìdérí wò ní oṣooṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì nìkan ni kí ẹ bù sí i. Omi inú ọ̀rá kọ́, omi kànga kọ́, ásíìdì sì kọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fa iná inú bátìrì olómi kọjá ìdajì bí ẹ bá lè yẹra fún un.

ẸNI TÓ NÍ Ọ̀KADÀ TÀBÍ MỌ́TÒ ONÍNÁ

Ẹ wá ibòji gbé e sí. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé nínú oòrùn, ẹ jẹ́ kí bátìrì fara balẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná. Ọ̀pọ̀ bátìrì lítíọ́mù ni kò yẹ kó gba iná bí ara rẹ̀ bá ti kọjá 45°C. Bó bá kọ̀ láti gba iná nítorí ooru, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín já ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀rọ yẹn ni kò jẹ́ kó gbiná. Alẹ́ tàbí ìdájí ló dára jù láti fi iná sí i. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí ó wọ nǹkan bíi ìdá 80 nínú 100 ti tó, àyàfi bí ìwé tó bá a wá bá sọ ohun mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn-àjò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì, kì í ṣe ní kíkún, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá.

Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí, pákó, ihò afẹ́fẹ́, ibòji àti síléènì, kò sí èyí tó wọ́n tó bátìrì tuntun. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù lónìí, ẹ gbé ọwọ́ lé ara bátìrì yín. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò fi lè dúró lórí rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá kú: ẹ pa á, kí ẹ pe oníṣẹ́ yín, kí ẹ sì bá a wá ibi tútù gbé e sí.