Àmì àyọkúrò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbàgbé nínú ìṣirò lọ́gárídímù

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Further Mathematics ló mọ̀ pé bí èèyàn bá ṣe integration 1/x, ln x ni yóò rí. Òfin náà rọrùn, ó sì tètè máa ń wọni lórí. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn rẹ̀ gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ti gbé 1/(30 − x) síwájú àwọn kan báyìí, kíá ni wọn yóò kọ ln(30 − x) sílẹ̀, wọn yóò sì kọjá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tó tọ̀nà ni −ln(30 − x).

Níbo ni àmì àyọkúrò náà ti wá? Differentiation ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bí a bá ṣe differentiation ln(30 − x), a óò kọ́kọ́ rí 1/(30 − x), a óò sì fi èsì differentiation 30 − x fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Èsì yẹn ni −1, torí pé bí x bá ṣe ń pọ̀ sí i ni 30 − x ń dín kù. −1/(30 − x) ló máa kù sí wa lọ́wọ́, òdìkejì ohun tí wọ́n béèrè. Àmì tí a kọ síwájú ln ló ń tún un ṣe.

Àwọn kan lè ní kí ni àmì kékeré kan fẹ́ bàjẹ́, ṣebí máàkì kan tàbí méjì ni. Ẹ jẹ́ ká wo omi inú ọ̀rá tí gbogbo èèyàn ń pè ní píọ̀ wọ́tà. Ká ní wọ́n gbé e jáde nínú fíríìjì nígbà tó wà ní ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ooru inú yàrá sì jẹ́ 30. Òfin tí wọ́n fi orúkọ Isaac Newton pè, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1701, sọ pé bí ìyàtọ̀ àárín ooru méjèèjì bá ṣe pọ̀ tó ni omi náà yóò ṣe máa yára gbóná tó. Integration 1/(30 − T) nìyẹn, T ni ooru omi. Ká fi ìyára rẹ̀ sí 0.1 fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó rántí àmì náà yóò rí T = 30 − 25e^(−0.1t). Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, omi náà ti tó nǹkan bí 20.8, òtútù rẹ̀ ti dín kù gan-an, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tó gbàgbé rẹ̀ yóò kọ T = 30 − 25e^(0.1t), omi kan náà yóò sì wà ní nǹkan bí 38 sí ìsàlẹ̀ òdo. Omi tó wà lórí tábìlì nínú ooru ti di yìnyín gbagidi! Fíríìjì wo ló ń ṣe irú ẹ̀?

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀rù àmì ló ń bà wọ́n jù. Ọ̀kan kọ −ln(30 − x), èkejì kọ −ln(x − 30), wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ọ̀kan náà ni méjèèjì, bí wọ́n bá ti fi ilà ìdúró méjì dípò àkámọ́: −ln|30 − x|. Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dà láàmú. Lọ́dún 1712 àti 1713, Leibniz ará Jámánì àti Johann Bernoulli ará Switzerland ń fi lẹ́tà bára wọn jiyàn lórí lọ́gárídímù nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo. Leonhard Euler ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1751.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbà á, kó ṣe differentiation ìdáhùn rẹ̀ padà kó tó fi ìwé sílẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Bó bá sì jẹ́ 1/(30 − 2x) ni wọ́n béèrè, −½ ln|30 − 2x| ni.