Àáró Ṣakí àti Àká Àwọn Amish

Ẹni márùn-ún ni wọ́n jọ wà nínú àáró bàbá mi. Oko wọn wà lọ́nà Ògbòòrò, ní Ṣakí. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn ò jọ gbé agboolé kan náà, ẹ̀sìn wọn gan-an ò dọ́gba. Ebè ló so wọ́n pọ̀. Bí àsìkò rẹ̀ bá ti tó, wọ́n á kó ọkọ́ lọ sóko ẹni kìíní; lọ́jọ́ kejì, oko ẹnì kejì; bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan ẹni karùn-ún, tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹni tí wọ́n bá bá kọ tirẹ̀ tán, tó wá ní orí ń fọ́ òun nígbà tó kan ti ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti dé ọjà kí òun alára tó délé.

Àwọn kan máa ń da àáró pọ̀ mọ́ ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni èèyàn ń bẹ̀: o fẹ́ kọ́lé, tàbí o fẹ́ ro oko àna rẹ, o ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́, o ro àmàlà, o gbé ẹmu kalẹ̀, wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kan, ó parí. Àáró ní ìṣirò: ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí ìṣe wọn jọ tiwa. Amish ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti inú ìyapa ìjọ kan tí Jakob Ammann dá sílẹ̀ ní Yúróòpù ní 1693 ni wọ́n ti jáde; nígbà tó di àwọn ọdún 1700, wọ́n ti ń wọkọ̀ òkun lọ sí Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti pọ̀ ní agbègbè Lancaster títí dòní. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń gùn. Bí iná bá jó àká ẹnì kan, ìyẹn ilé onípákó gìrìwò tí wọ́n ń kó màlúù àti koríko sí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin á dé ní ìdájí pẹ̀lú òòlù. Àwọn obìnrin á máa dáná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, egungun àká tuntun ti dúró.

Ojú ọ̀wẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi wò ó. Ṣùgbọ́n àáró ni, àáró tí ìṣirò rẹ̀ gùn tó ọjọ́ ayé ẹ̀dá, torí ẹni tó ń kan ìṣó lónìí kò mọ ọdún tí iná máa ran tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ra ìnṣọ́ránsì. Láti 1965 ni òfin Amẹ́ríkà ti yọ àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn nínú wọn kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì tí gbogbo ìlú ń dá, torí wọ́n ní ìjọ àti aládùúgbò ló ni ìtọ́jú arúgbó.

Wọn ò kórìíra ẹ̀rọ, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Wọ́n máa ń jókòó tì í ni, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó máa ṣe láàárín aládùúgbò sí aládùúgbò. Ọ̀pọ̀ ìjọ wọn gba tẹlifóònù láyè, ṣùgbọ́n nínú àtíbàbà kékeré lẹ́bàá ọ̀nà, tí ilé mélòó kan jọ ń lò. Ẹṣin ló ṣì ń tulẹ̀ lóko ọ̀pọ̀ wọn.

Ta ló bi katakata léèrè ní Ṣakí? Ó dé, ó tu ilẹ̀ ẹni márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oògùn koríko dé nínú ike. Ọmọkùnrin kan á gbé e kọ́ ẹ̀yìn, á fi ọ̀sán kan ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Lébìrà dé láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin, ẹ dá iye, wọ́n á ṣe é. Kò sẹ́ni tó pèpàdé pé ká pa àáró. Bàbá mi gan-an ló kọ́kọ́ sanwó katakata nínú àwọn márààrún, nígbà tí ebè ọdún yẹn kò tíì kan ẹni karùn-ún. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Mi ò lè bá a wí: mo mọ bó ṣe máa ń dìde lórí àpótí, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún.

Owó tí àwọn Amish sì ń san kí àáró tiwọn má baà tú kò kéré. Kíláàsì kẹjọ ni ilé ìwé ọmọ wọn ń parí sí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ló fọwọ́ sí i fún wọn ní 1972. Ẹni tó bá ti ṣèrìbọmi, tó wá kúrò nínú ìjọ, wọ́n lè má bá a jẹun lórí tábìlì kan náà mọ́. Ṣakí kò lè san ìyẹn láéláé. Iṣu ni wọ́n tà fi rán wa níwèé, ọmọ tó sì lọ Èkó tàbí Houston, òun gan-an ni wọ́n ń retí nígbà Iléyá, pàápàá bí òrùlé mọ́ṣáláṣí bá ń jò.

Amẹ́ríkà kì í ṣe Amish nìkan, mo mọ̀. Ní 2000, Robert Putnam kọ ìwé kan láti fi hàn pé ẹgbẹ́ àti ìpàdé àwọn ará ibẹ̀ ń tú ká. Síbẹ̀, láti 1736 tí Benjamin Franklin ti dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ ní Philadelphia, títí dòní, àwọn tí kò gbowó oṣù ló pọ̀ jù nínú panápaná wọn. Àwọn ọdẹ Òkè-Ògùn tiwa náà ti ń ṣọ́ ìlú kí wọ́n tó ṣí ẹgbẹ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní January 2020, wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ. Igbó fẹ̀, ọlọ́pàá ò tó. Kò tíì sí katakata tó ń ṣọ́ òru.

Àwa náà ní alájẹṣẹ́kù, a ní èésú, wọ́n sì ń lọ dáadáa. Owó ni wọ́n fi ń ṣe é. Èèyàn lè ti inú yàrá rẹ̀ fi tíránsífà dá tirẹ̀, kó má rí ojú ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́ta.

Nínú àwọn márààrún, méjì ló kù: bàbá mi àti ẹni karùn-ún. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ẹni karùn-ún, àwọn ọmọ rẹ̀ fowó ránṣẹ́, káfíńtà dé. Bàbá mi tọ̀ wọ́n lọ. Kò lè gun àkàsọ̀ mọ́, ó jókòó sí ìdí rẹ̀, ó ń na ìṣó sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà ní kí Bàbá lọ sinmi, pé àwọn ti gbowó iṣẹ́ náà. Ó ní kò kàn wọ́n, òun jẹ onílé ní gbèsè ọjọ́ kan.