Kí Wọ́n Tó Fọ́ọ̀mátì Kọ̀ǹpútà: Iṣẹ́ Tí Safe Mode Ń Ṣe

Safe Mode ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí kò lè ṣe aláìní. Bí Windows bá gba ọ̀nà yìí dìde, kíbọ́ọ̀dù, máòsì, dísìkì àti àwòrán tó kàn tó láti fi ríran ni yóò jí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ohùn, ètò ìṣirò owó àti gbogbo ètò tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ láàárọ̀ yóò wà níbi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn kò ní dìde. Ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ a dúdú, lẹ́tà a tóbi, àkọlé "Safe Mode" a sì hàn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Microsoft fi í sínú Windows 95, tó jáde ní 1995, àwọn Windows tó wà lóde báyìí sì ní in.

Ohun tó wà fún ni láti mọ ibi tí àìsàn wà. Oníná tó bá dé iléeṣẹ́ tí fíúsì rẹ̀ ń já léraléra á pa gbogbo ẹ̀rọ, á wá máa tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ èyí tó ń fa wàhálà. Bákan náà ni Safe Mode. Bí kọ̀ǹpútà tó ń kú lójijì bá ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n fi kún Windows ló jẹ̀bi: dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn), fáírọ́ọ̀sì tàbí ètò tuntun kan. Bó bá ṣì ń kú, kí ojú kúrò lára àwọn ètò, kó lọ sára dísìkì, RAM, fáànù tí eruku ti dí, tàbí fáìlì Windows fúnra rẹ̀. Safe Mode kò wo ohunkóhun sàn. Ó kàn ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe rí àyè wọlé ni.

Ní agbègbè iléeṣẹ́ Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Kọ̀ǹpútà ló ń tẹ wéébíìlì fún ọkọ̀ ẹrù tó fẹ́ já sí ọ̀nà Ìdirókò tàbí márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta. Òun ló ń ṣírò ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí, òun ni wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo ọkọ̀ lẹ́nu géètì. Iná kì í dúró. Bí wọ́n bá ń yí láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó láti pa kọ̀ǹpútà tí bátìrì UPS rẹ̀ ti kú. Bí ìyẹn bá bọ́ sí àkókò tí Windows ń gba àtúnṣe, fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ lè dúró sí ìdajì, kí ẹ̀rọ náà má sì lè dìde mọ́. Fíláàṣì tó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn náà ń kó fáírọ́ọ̀sì kiri.

Ká ní kọ̀ǹpútà ẹnu géètì yẹn ni. Wọ́n fi dráífà tuntun sí i lánàá nítorí wáyà tó so ó mọ́ ẹ̀rọ ìwọnkọ̀. Lónìí ojú rẹ̀ di búlúù, ó ń pa ara rẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀, ọkọ̀ sì ti tò dé títì. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ó sì máa ń nu àkọsílẹ̀ ọdún mélòó kan dànù níbi tí kò bá ti sí ẹ̀dà kejì. Àdánù tí kò yẹ kó wáyé ni. Nínú Safe Mode, dráífà irú èyí kì í dìde. Oníṣẹ́ á ṣí Device Manager, á yọ ọ́, á tún ẹ̀rọ tàn, àkọsílẹ̀ kankan kò sì ní sọnù.

Ọ̀nà àtiwọ ibẹ̀ ti yí padà. Láyé Windows XP àti 7, F8 ni wọ́n máa ń tẹ̀ léraléra bí ẹ̀rọ bá ṣe ń tàn. Láti Windows 8, tó jáde ní 2012, ẹ̀rọ ń yára dìde débi pé F8 kò rí àyè mọ́. Lórí Windows 10 àti 11, wọ́n á di Shift mú, wọ́n á tẹ Restart. Ó kan Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, kí wọ́n tó tún tẹ Restart. Nọ́ńbà 4 ni Safe Mode lásán, 5 fi íntánẹ́ẹ̀tì kún un, 6 sì ń mú ojú dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ wá. Bí Windows bá kùnà láti dìde lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, òun fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń gbé ojú ìwé àtúnṣe yìí jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi BitLocker tì lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní iléeṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú Safe Mode ni kí wọ́n da àwọn fáìlì pàtàkì kọ sórí dísìkì mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni System Restore, tó ń dá Windows padà sí bó ṣe wà ṣáájú wàhálà, tàbí àṣẹ sfc /scannow, tó ń fi fáìlì tó dára rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ẹni tó bá gba inú msconfig, ètò inú Windows tí wọ́n fi ń yan bí ẹ̀rọ yóò ṣe dìde, wọlé gbọ́dọ̀ padà lọ yọ àmì Safe boot, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ inú Safe Mode ni ẹ̀rọ yóò máa já sí nígbàkígbà tí wọ́n bá tàn án.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, 2024, gbogbo ayé rí ìwúlò Safe Mode. CrowdStrike, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, fi àtúnṣe kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 sì dojú búlúù. Ọkọ̀ òfuurufú dúró nílẹ̀, iṣẹ́ dí ní ilé ìwòsàn. Ojútùú rẹ̀ kò díjú: kí wọ́n wọ Safe Mode, kí wọ́n pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291, kí wọ́n tún ẹ̀rọ tàn. Ohun tó le ni pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ọwọ́ ènìyàn ló ní láti ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ààbò pẹ̀lú máa ń sùn níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì kì í dìde nínú Safe Mode. Àwọn ọ̀daràn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2019, iléeṣẹ́ Sophos ṣàlàyé bí Snatch, ètò tó ń ti fáìlì pa kí wọ́n lè fi gba owó ìtúsílẹ̀, ṣe ń fipá tan kọ̀ǹpútà sínú Safe Mode kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibi rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí wọ́n yan nọ́ńbà 5, tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí 4 bá tó, pàápàá níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ti so pọ̀.

Nígbà mìíràn, Safe Mode fúnra rẹ̀ kò ní ṣí. Dísìkì tó ń kú lọ lè fa irú rẹ̀. Oníṣẹ́ á yọ dísìkì náà, á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, á da àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ kọ kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mátì tàbí dísìkì tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.