Bí Ẹ́ńjìnnì Bá Kú Lórí Ọ̀sà: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Háyà Ọkọ̀ Afẹ́

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, àwa 7 nínú ẹbí kan háyà ọkọ̀ afẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì láti Victoria Island lọ sí Tarkwa Bay. Mọ́tò kì í dé etíkun yẹn. Ojú omi là ń gbà débẹ̀. A ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí aago kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́dọ̀ awakọ̀. Ó yára pa ẹ́ńjìnnì. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Omi sì ń gbé wa lọ díẹ̀díẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gbà wọ Àpápá. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin béèrè pé, "Life jacket àwọn ọmọ dà?" Abẹ́ ìjókòó ni wọ́n wà, kúlà àti ẹrù wa ló sì dí ibẹ̀ pa.

Orí yọ wá. Awakọ̀ kò tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tó fi ju ìdákọ̀ró sómi. Ìgbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan ló wá gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó sì fa ọ̀rá pure water kan yọ lẹ́nu ihò tó fi ń fa omi. Omi yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Bí ọ̀rá tàbí koríko bá dí ihò náà, ẹ́ńjìnnì lè jóná.

Bí ẹnìkan bá ṣubú sómi

Ẹ kígbe kí awakọ̀ gbọ́, kí ó má bàa fi irin tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ ṣe é léṣe. Kí ẹnìkan máa nàka sí i, kí ó má sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ ju ohun tó ń léfòó sí i. Ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ má sì rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, torí ọkọ̀ lè dojú dé.

Bí iná bá ṣẹ́ yọ

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì dá epo dúró. Ẹ má ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì gbayawu, nítorí atẹ́gùn ni oúnjẹ iná. Kí gbogbo èèyàn wọ life jacket, kí wọ́n sì jìnnà sí èéfín. Bí ẹ bá gbóòórùn bẹntiróòlù kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣíná sí i: ooru bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí.

Bí a ṣe ń ké gbàjarè

Orí ìkànnì 16 ni wọ́n ti ń pe ìrànlọ́wọ́ lórí rédíò VHF inú ọkọ̀. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ pe "Mayday" lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sọ orúkọ ọkọ̀, ibi tí ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀. Frederick Mockford, òṣìṣẹ́ rédíò ní pápákọ̀ òfuurufú Croydon ní Lọ́ńdọ̀nù, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Èdè Faransé ló ti fà á yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí "Ẹ gbà mí o!" tiwa. Bí ẹ́ńjìnnì bá kàn kú, tí kò sì séwu fún ẹ̀mí, "Pan-pan" là ń pè. Lórí fóònù, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Ní Èkó, 767 náà wà.

Kí ẹ tó kúrò ní èbúté

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ béèrè iye èèyàn tí ọkọ̀ lè gbé. Ẹ ní kí awakọ̀ fi ìdákọ̀ró, rédíò àti ohun ìpaná hàn yín, kí ó sì ṣàlàyé ní èdè tí àbíkẹ́yìn yín gbọ́. Life jacket àgbà kì í ṣe ti ọmọdé. Ó lè bọ́ gba orí rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnìkan nílé ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa dé.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 6, ló kọ́kọ́ béèrè life jacket tirẹ̀. Ọkọ̀ ò gbéra títí gbogbo wa fi wọ tiwa.