Èso Lápálápá: Májèlé fún Ẹnu, Epo fún Ẹ̀rọ

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ tí kò mọ igi lápálápá, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní bòtujẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ọgbà yí ilé àti oko ká, nítorí tí ewúrẹ́ kì í jẹ ewé rẹ̀. Bí a bá sì gé ẹ̀ka rẹ̀ tí a rì í mọ́lẹ̀, yóò hù. Èso rẹ̀ a gbó, a bọ́ sílẹ̀, a sì ṣòfò, nítorí májèlé ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó burú fún ẹnu lè wúlò fún ẹ̀rọ.

Nínú 100 ìwọ̀n hóró rẹ̀, nǹkan bí 30 sí 40 ni òróró. Láyé àtijọ́, àwọn ará erékùṣù Cape Verde a máa kó o ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Potogí fún ọṣẹ àti fún àtùpà.

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ń sọ irú èso bẹ́ẹ̀ di epo ọkọ̀. Wọn a kó o sínú ìkòkò irin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, wọn a sì mú kí ó gbóná tó nǹkan bí 500 ní ìwọ̀n ooru tí omi fi ń hó ní 100. Nítorí tí kò sí afẹ́fẹ́, kò lè gbiná. Ńṣe ni yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí yóò di oruku. Oruku yìí a gba inú ọ̀pá tí omi tútù yí ká kọjá, a sì di olómi, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ṣe ògógóró ti ń ṣe. Èédú ni yóò kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Epo tí a ṣe báyìí nìkan kan, ó sì lómi nínú, yóò sì jẹ irin ẹ̀rọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú oruku náà la àárín èròjà kan kọjá, tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì, kí ó lè tún un ṣe kí ó tó tutù. Bí ó bá pẹ́, èédú a bo èròjà náà, wọn a sì fi iná jó o mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Nígbà tí Ṣáínà ń bá Japan jagun, láti 1937 títí dé 1945, epo ọkọ̀ wọ́n wọn gidigidi. Wọ́n mú òróró èso igi tung, tí òun náà kò ṣeé jẹ, wọ́n fi iná fọ́ ọ di epo, ọkọ̀ sì rìn.

Síbẹ̀, kí àgbẹ̀ má ṣe sáré. Ní nǹkan bí 2007, àwọn ilé-iṣẹ́ gba ilẹ̀ púpọ̀ ní Ghana, Tanzania àti Mozambique láti gbin lápálápá, wọ́n ní yóò so dáadáa lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Lóòótọ́, igi náà kò kú, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi oko sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ iṣu gbin lápálápá, kí ni yóò jẹ? Ààlà oko ni ààyè rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán sísè yìí wò nílé, nítorí oruku rẹ̀ lè gbiná lójijì. Èérí tí ó kù lẹ́yìn fífún òróró dára fún ajílẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi bọ́ ẹran. Bí ọmọdé bá jẹ hóró rẹ̀, tí inú ń run ún, tí ó ń bì, tí ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, epo pupa kì í ṣe oògùn rẹ̀: kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.