Iná Àràmàǹdà Lókè Ìwakùsà Congo: Kí Ni Kọmáńdà Pierre Lé Lọ?

Abọ́ méjì tó ń jó bí iná ni wọ́n ní ó yọ lójú sánmà, lókè ibi tí wọ́n ti ń wa yuréníọ̀mù lágbègbè Elisabethville, ìlú tí a ń pè ní Lubumbashi lónìí. Ọdún 1952 ni, nígbà tí ìjọba Belgium ń ṣàkóso Congo. Ọ̀gá kan ní pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀, Kọmáńdà Pierre, kó sínú ọkọ̀ òfuurufú ajagun, ó gbá tọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó sún mọ́ ọ̀kan títí ó fi ku nǹkan bí 120 mítà. Àárín rẹ̀ dúró digbí, etí rẹ̀ ń yí bírí-bírí nínú iná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, àwọn méjèèjì súfèé, wọ́n kọrí sí adágún Tanganyika, wọ́n di àwátì. Pierre ròyìn fún àwọn ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Láti Shinkolobwe, ní ẹkùn yẹn kan náà, ni Amẹ́ríkà ti rí púpọ̀ nínú yuréníọ̀mù tó fi ṣe bọ́ǹbù tó pa Hiroshima run ní 1945. Ẹni tó ní irú ìṣúra bẹ́ẹ̀, tí Rọ́ṣíà sì ń wò ó lójú, kò lè rí iná lókè rẹ̀ kí ó tún fọkàn balẹ̀ sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹ̀rí ti wá. Ìwé tó wà lọ́wọ́ CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, tí déètì rẹ̀ jẹ́ 16 oṣù kẹjọ 1952, kò ju ìtumọ̀ ohun tí ìwé ìròyìn Die Presse gbé jáde ní Vienna ní 29 oṣù kẹta lọ. Ìwé ìròyìn! Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ bí ìtàn ṣe ń sanra tó bá rìn jìnnà. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ láti ẹnu awakùsà ọmọ Congo.

Ọdún yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà dá Project Blue Book sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á tì ní 1969, ìròyìn 12,618 ló wà nílẹ̀. 701 ni wọn kò rí ìdí rẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n rí ìdí wọn ni bàlúùnù tí wọ́n fi ń wo ojú ọjọ́, ìràwọ̀ tó já, àti Àgùàlà, ajá òṣù tí àwọn bàbá wa ti mọ̀ tipẹ́. Ní 2024, ọ́fíìsì AARO ti Pentagon ní òun kò rí ẹ̀rí kankan pé ẹ̀dá ayé mìíràn wà nídìí irú iná bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá rí ìlà iná gbọọrọ lókè Libreville tàbí Ìbàdàn, kó má tíì pè é ní àjẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sátẹ́láìtì Starlink, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sókè láti 2019.

Ti Elisabethville ló ṣì rú ni lójú. Wọ́n ní abọ́ náà sáré tó 1,500 kìlómítà ní wákàtí kan. Bàlúùnù kì í sá irú eré bẹ́ẹ̀, Àgùàlà kì í sì í súfèé. Ìròyìn tí Pierre fúnra rẹ̀ ṣe fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni ẹ̀rí tó yẹ ká kà, kì í ṣe ti Vienna.